A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìtọ́jú Àwọn Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Òwò Ẹrú Òde Òní

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú kí ìtọ́jú àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ òwò ẹrú òde òní sunwọ̀n sí i. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí òwò náà ṣe burú tó, nítorí kò sẹ́ni tó wà níjòókòó yìí tí yóò bá mi jiyàn rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ènìyàn sílẹ̀ tán, tí àwọn oníròyìn sì ti ká kámẹ́rà wọn, ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Owó kò tó, òótọ́ ni, a ó sì kan ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù tó jinlẹ̀ jù ni pé a ń bá ẹni tó bọ́ ṣe ìpinnu tó yẹ kó fúnra rẹ̀ ṣe. Oníṣòwò ènìyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di owó rẹ̀ mú, òun ló ń sọ ìgbà tí yóò jáde àti ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Bí àwa náà bá gbà á sílẹ̀ tán, tí a tún ti ilẹ̀kùn, tí a tún gba fóònù, tí a ní kó dúró di ìgbà tí àwa bá ṣetán, inú rere wa lè pọ̀ bí òkun, a kò tíì dá nǹkan kan padà fún un.

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin, nítorí pé òfin wa kò burú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi àdéhùn Palermo lélẹ̀ lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó tètè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kó tó dìgbà náà, ní 1999, Ìyáàfin Títí Àbúbákàr, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ aya igbákejì Ààrẹ nígbà yẹn, ti dá ẹgbẹ́ WOTCLEF sílẹ̀ nítorí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí nípa àwọn ọmọbìnrin wa lójú pópó ní Róòmù. Ẹgbẹ́ náà ló ṣe agbátẹrù àbá tó di òfin ní 2003, inú òfin yẹn ni wọ́n sì ti dá NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò náà, sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2015, ó sọ pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tí wọ́n fi ṣòwò nítorí ohun tí òwò náà sọ ọ́ dà, pé kí a bo orúkọ rẹ̀ láṣìírí, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó fi í ṣòwò. Ó tún ní kí àpò owó kan wà fún ìtọ́jú irú wọn, kí dúkìá tí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn sì máa wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé òfin nìkan á rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń kà nígbà tí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ wa yangàn. Nínú ìkéde NAPTIP, iye àwọn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ti lé ní 20,000, iye ọ̀daràn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi sì ti lé ní 600. N kò fojú kéré iṣẹ́ yẹn, àwọn tó ṣe é fi ẹ̀mí wọn wewu. Iye kẹta ni a kì í gbọ́: nínú àwọn 20,000 wọ̀nyí, mélòó ló ń jẹun lọ́nà iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, mélòó ló sì ti padà sọ́nà Líbíyà? Ohun tí a kì í kà, a kì í náwó lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọbìnrin tó padà dé lẹ́nu wò. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ilé ààbò ìjọba, ẹni tó wọlé kò lè jáde nígbà tó bá wù ú, kódà bó jẹ́ àgbàlagbà. Àwọn kan lo oṣù mélòó kan bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àti bá ẹbí sọ̀rọ̀ sì há fún wọn. Ìròyìn tí Amẹ́ríkà ń gbé jáde lọ́dọọdún lórí òwò yìí fi hàn pé ààyè tó wà nígbà náà nínú gbogbo ilé ààbò NAPTIP jákèjádò orílẹ̀-èdè kò ju nǹkan bí 300 lọ, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìlànà fàyè gbà kí wọ́n tó fa ènìyàn lé ẹgbẹ́ aláàánú tàbí ẹbí lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ìtọ́jú náà pẹ́ jù fún ẹni tó fẹ́ máa lọ, ó sì yá jù fún ẹni tó nílò láti dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ààbò ní èsì, èsì wọn kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ààbò ni. Ọ̀daràn tó wà níta mọ orúkọ ọmọ náà, ó mọ ilé ìyá rẹ̀, ó lè rán jàǹdùkú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ewu kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní kóòtù nílò ìṣọ́ ju ẹni tí kò mọ orúkọ ẹni tó tà á ní ìlú Sabha ní Líbíyà lọ. Kí a bá ẹni kọ̀ọ̀kan jókòó, kí a sọ ewu tó wà níta fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, kí ó wá fúnra rẹ̀ yàn. Ọmọdé yàtọ̀, ìyẹn yé wa. Obìnrin ọlọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tó la aṣálẹ̀ Sàhárà já kì í ṣe ọmọdé.

Ẹni tó bá sì ní kò sí bí a ṣe lè tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ láìti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò yẹ kó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Àṣà tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ni kí wọ́n máa ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, kò tẹ̀lé àṣà náà. Ó bá àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ṣe àdéhùn: aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ kan yóò gba yàrá lọ́dọ̀ ará abúlé, wọn yóò máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójú mọ́mọ́, wọn yóò sì padà sáàárín àwùjọ, níbi tí iṣẹ́ oko wà, tí ijó wà, tí ọjà wà. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá wọn jíròrò, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kà sí ìtìjú. Àwọn ará abúlé kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gba owó yàrá, ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti tún ilé ṣe, omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ètò náà gbajúmọ̀ kárí ayé, Lámbò sì wá di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Kì í ṣe pé mo ń pe ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ òwò ẹrú ní alárùn ọpọlọ. Bí Lámbò bá lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ìdílé tirẹ̀ gan-an ń sá fún, àwa lè ṣí i fún ẹni tí ìyà nìkan jẹ. Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ní Aro, ìbátan ló ń tẹ̀ lé aláìsàn wá. Nínú òwò yìí, ìbátan ló máa ń mú ọmọ lé oníṣòwò lọ́wọ́ nígbà mìíràn, àǹtí kan, ẹ̀gbọ́n kan, ọ̀rẹ́ ìyá. Nítorí náà, ẹni tó bọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ bọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ tún bá àpò wa mu. Dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300 fún àwọn ènìyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ìjọba buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023 kò sì lè bí dókítà lójijì. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí a bá kọ́ dáadáa ni yóò gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìjẹ́rìí ní kóòtù ni ibi tí inú rere ìjọba ti máa ń di pàṣípààrọ̀. Ìlànà tí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Àgbà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2002 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ so ìtọ́jú mọ́ bóyá ẹni náà gbà láti jẹ́rìí. Ítálì ti sún mọ́ èrò yìí kí ìlànà náà tó jáde. Ẹsẹ̀ kejìdínlógún nínú òfin wọn ti ọdún 1998 lórí àwọn àjèjì fàyè gba ẹni tí wọ́n fi ṣòwò láti gba ìwé ìgbélùú àti ìrànwọ́ lọ́nà méjì. Èkínní gba inú ẹjọ́ lọ, èkejì sì gba ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, láìní kó kọ́kọ́ lọ fi ẹnikẹ́ni sùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ pé àwọn ọlọ́pàá ibòmíràn ṣì ń dọ́gbọ́n béèrè ẹ̀sùn náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa ló gba ọ̀nà kejì yẹn kúrò lójú pópó. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba nílẹ̀ wa yóò sọ pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí, báwo ni a ó ṣe rí ọ̀daràn mú? Ẹ jẹ́ kí á dá wọn lóhùn pẹ̀lú iye tí àwọn fúnra wọn kà. Bí àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá ju 20,000, tí ìdálẹ́bi sì lé ní 600, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò rí ọjọ́ kóòtù rí. Bí ìtọ́jú bá jẹ́ owó ọ̀yà ẹlẹ́rìí, àwọn yẹn ti pàdánù rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹlẹ́rìí tí ebi ń pa, tí kò sùn, tí ẹ̀rù ń bà, á sọ ohun kan lónìí, á sọ òmíràn lọ́la, lọ́yà olùjẹ́jọ́ á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ló ń rántí orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà fóònù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò lè fọ́nnu: ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2009 láti máa dá àwọn tí wọ́n fi ṣòwò mọ̀ ti di ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ti ń dúró ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdúró bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀wọ̀n ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí jù ni ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé gbèsè ni okùn òwò yìí. Ọmọbìnrin tó gba Ẹ̀dó dé Yúróòpù máa ń gbọ́ pé òun jẹ màdáámù tó fi òun ṣòwò ní 30,000 sí 50,000 yúrò. Ó ti búra nídìí òrìṣà kó tó kúrò nílé, wọ́n ti gba irun, èékánná àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé bí kò bá san án, yóò ya wèrè tàbí kí òbí rẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n bá dá a padà sílé, gbèsè náà kò kú. Ó lè jẹ́ pé ìdílé rẹ̀ ti ta ilẹ̀, tàbí kí wọ́n ti yá owó èlé ládùúgbò. Àwọn tó ti Líbíyà dé ní tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹbí fi owó ńlá rà padà lẹ́nu fóònù, nígbà tí wọ́n ń gbọ́ igbe wọn lábẹ́ ìyà. Kí wá ni a máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí ẹ̀rọ ìgbẹrun, pẹ̀lú ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣòwò. Láti ọdún 2017 tí ètò IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣíkiri, àti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń fi bàálù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún padà láti Líbíyà wá sí Èkó, ohun èlò ni wọ́n sábà ń fi ṣe ìrànwọ́ náà, kì í ṣe owó. N kò bá ẹ̀rọ ìránṣọ jà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí télọ̀ mẹ́fà ti wà, tí iná kì í sí, tí olówó èlé sì ń kan ilẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ni ènìyàn yóò fi ẹ̀rọ keje ṣe bí kò ṣe kó tà á? Nígbà tó bá sì tà á, a ó ní kò moore.

Àtakò tó le jù ni mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín: bí a bá fún wọn lówó, wọn yóò fi wọ mọ́tò padà sí Agadez ní ilẹ̀ Niger, lójú ọ̀nà Líbíyà. Ẹ̀rí tó wà kò gbè é. Ní 2014, àwọn onímọ̀ méjì ní Báńkì Àgbáyé kó ìwádìí 19 jọ láti ilẹ̀ oríṣiríṣi lórí bóyá tálákà tí wọ́n fún ní owó ń fi í mu ọtí àti sìgá, wọn kò sì rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2016 lórí àwọn ìdílé tí wọ́n fún ní owó ní Kenya láìfi òté kankan sí i fi hàn pé ọ̀rọ̀ àtijẹ wọn sàn sí i, ìdààmú ọkàn wọn sì dín kù. Kì í ṣe àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ òwò ẹrú ni wọ́n ṣèwádìí lé lórí, nítorí náà kí á má fà á kọjá ibi tó dé. Ó kàn fi hàn pé ìfura wa sí tálákà pọ̀ ju ohun tí ìwà rẹ̀ pè fún. Ohun tí mo ń dábàá ni kí a bá ẹni tó padà dé ka gbèsè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a ya èyí tó jẹ́ ti ọ̀daràn, tí òfin kò mọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ ti aládùúgbò, kí a bá a dúnàádúrà lórí èyí kejì, kí a sì fún un ní owó díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan dípò ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá wù ú kó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kó rà á. Ìbúra náà jẹ́ gbèsè, ó sì ní ẹni tó lè já a. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Ẹ̀dó pe àwọn olórí awo jọ sí ààfin, ó fagi lé gbogbo ìbúra tí wọ́n fi de àwọn tí wọ́n kó lọ, ó sì gégùn-ún fún àwọn tó bá tún ṣe é. Ìròyìn sọ pé àwọn obìnrin kan ní Yúróòpù dáwọ́ owó sísan dúró lẹ́yìn rẹ̀, pé àwọn oníṣòwò kan sì gbé ìbúra wọn kọjá ààlà ilẹ̀ ọba náà. Àwọn kan kò fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ kan ohun tí wọ́n pè ní ìbọ̀rìṣà. Ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn lóru kò béèrè ẹ̀sìn wa kó tó dé. Kí pásítọ̀, àlùfáà àti babaláwo wà lórí ìwé orúkọ àwọn tí ilé ààbò lè pè, kí ẹni tó nílò wọn yàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó nìkan nìyí, kó rántí àwọn ibi ìfọ́kùúta Abẹ́òkúta. Ní 2003, àwọn ọmọ tó ju 100 lọ, ọ̀pọ̀ wọn láti agbègbè Zakpota ní Orílẹ̀-èdè Benin, ni ìjọba kó kúrò níbẹ̀ padà sílé. Ariwo náà ta débi pé Nàìjíríà àti Benin tọwọ́ bọ àdéhùn ní 2005. Nígbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Neil Howard lọ ṣèwádìí ní Zakpota àti Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń lọ. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìṣọ́ sílẹ̀ ní abúlé láti máa dá wọn dúró, ṣùgbọ́n iye owó òwú tó wó lulẹ̀ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ìdílé wọn, ìgbìmọ̀ ìṣọ́ kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gan-an kò pe ara wọn ní ẹrú. Iṣẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń wá, wọ́n fẹ́ ra alùpùpù, wọ́n fẹ́ kọ́lé. Ẹ lè má gba gbogbo àlàyé Howard, èmi náà rò pé ó fojú fúyẹ́ wo ìyà tó wà nídìí òkúta. Kò ṣeé já ní koro ṣá pé wọ́n gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀ láìbi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá. Irú ẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin tó ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ẹnìkan ní Lebanon gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sórí Facebook ní 1,000 dọ́là bí ẹni ń ta tẹlifíṣọ̀n. Inú bí gbogbo wa. Bí ẹni tó bá ti irú ibẹ̀ dé kò bá rí iṣẹ́ tó sàn ju èyí tó fi sílẹ̀ nílé, ajẹ́ńtì mìíràn á tún kàn sí i lórí WhatsApp.

Ó ku àwọn alátakò méjì tó ń bi ìbéèrè kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkínní ní níbo ni owó yóò ti wá, èkejì ní kí ló dé tí a ó fi náwó lé àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rin ìrìn àjò, nígbà tí àwọn tálákà tó jókòó sílé kò rí nǹkan kan gbà. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìtọrẹ àánú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta tí wọn kò sanwó fún ti di ẹni tí a jẹ ní gbèsè, òfin 2015 sì ti sọ ẹni tí yóò san án. Ilé, ilẹ̀ àti mọ́tò tí ilé ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ènìyàn, owó iṣẹ́ àwọn tí wọ́n tà ni. Kí NAPTIP máa tẹ ìṣirò àpò náà jáde lọ́dọọdún, iye tó wọlé, iye tó dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Fún ẹjọ́ owó, kò di dandan kí ẹjọ́ ọ̀daràn kọ́kọ́ parí, ẹ̀rí tí kóòtù ń béèrè níbẹ̀ kò sì le tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò pè é. Obìnrin tó ti Lebanon dé kò lówó lọ́yà, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n lò ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà fún ọdún márùn-ún kò mọ̀ pé òun lè pe ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín dúró de Àbújá lórí èyí. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi lọ́yà kan sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ rẹ̀, kó máa ṣírò owó iṣẹ́ tí wọn kò san, kó sì máa gbé e lọ sí kóòtù lórúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, bí onítọ̀hún bá ti ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.